Bẹ́ńṣì Karùn-ún

Ọ̀kun o.
Èmi ni Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, káfíńtà, ní Ògìdì níhìn-ín,
ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀ àpáta, níbi tí ọ̀nà ti yà.
Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò nílé ìwé yìí,
ẹ̀yìn pátápátá, lórí bẹ́ńṣì karùn-ún,
níbi tí ṣọ́ọ̀kì ara bọ́ọ̀dù ti máa ń dà bí ìkùukùu lójú mi.
"Kí ni mo kọ síbẹ̀?" ni tísà máa ń bi mí.
Ọmọ tó wà níwájú mi á kà á wúyẹ́wúyẹ́,
èmi náà á gbé e lẹ́nu rẹ̀.
Etí ni mo fi kàwé.
Ọjọ́ tí ọmọ náà kò bá wá, olódo ni mí.

Kò sẹ́ni tó ní kí n sún síwájú.
Báwo ni ǹ bá ṣe sún?
Bẹ́ńṣì náà gùn, ó wúwo,
ìṣó gbọọrọ ni wọ́n fi kàn án mọ́ tábìlì,
ọmọ mẹ́fà ló ń gbé. Bí ẹnì kan bá yí ìdí,
àwọn márùn-ún yòókù á mì.

Ní Èrèlé tó kọjá, Tísà Mẹ́dùpín ránṣẹ́ pè mí.
Ó na ìwé kan sí mi, ó ti ya àwòrán sí i:
tábìlì onígun mẹ́fà tó ṣeé pín sí méjì,
táyà róbótó lẹ́sẹ̀ rẹ̀,
ẹní fún ọmọ tó bá fẹ́ ilẹ̀,
igun kan fún tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tí sólà ń bọ́.
Mo yí ìwé náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì.
"Tísà, níbo ni iwájú wà?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Ibi tí iṣẹ́ bá wà."

Mo gbé ayùn. Mo dojú bẹ́ńṣì karùn-ún délẹ̀.
Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti bá ara mi pàdé:
ỌMỌT.
Bíléèdì ni mo fi fín in.
Pàṣán ló dá mi dúró nídìí T.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dán.
Orí àpáta ni wọ́n kọ́ kíláàsì náà lé,
ilẹ̀ rẹ̀ da gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà.
Kí aago ìsinmi tó lù, tábìlì méjì ti ń lọ sílé.
Ọjọ́ kejì, eruku ọyẹ́ bo àwo sólà,
tábúlẹ́ẹ̀tì kú fin-ín.
Alága àwọn òbí káwọ́ lérí:
"Owó kaṣú wa o! Owó kaṣú odidi ọdún kan!"
Tísà kò fèsì. Ó fi aṣọ tútù lé ọmọ kan lọ́wọ́,
ó gbé àkàbà fún un.

Ìgbà náà ni mo rí Ìbíjọkẹ́.
Ó ń dijú kan, ó ń fún ìkejì pọ̀,
mo mọ ojú yẹn.
Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ó ti tábìlì rẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sídìí fèrèsé,
ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan,
ó fi ìka méjì ya ojú gíláàsì sọ́tọ̀,
lẹ́tà sì wú bí ẹ̀pà tí a rẹ sómi.
Mo dúró, ayùn lọ́wọ́.
Àṣé ènìyàn lè sọ fún lẹ́tà pé kó máa bọ̀.

Tábìlì rẹ̀ ṣì ń yọ̀.
Mo padà sídìí bẹ́ńṣì, mo rẹ́ ẹ sí kéékèèké,
igi tí a ó máa fi há táyà.
Ayùn gba àárín orúkọ mi kọjá.
T ti bọ́ sábẹ́ tábìlì kan, mi ò mọ èwo.
Èyí tó kù ni mo mú tọ ọmọ náà lọ.
Ó gbà á, ó gbé e súnmọ́ imú,
ó kà á sókè, bí ẹni tí kò gbàgbọ́ pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀:
"Ọmọ."
Ó bẹ̀rẹ̀, ó kì í bọ abẹ́ táyà.
Tábìlì kò mì mọ́.